Fèrè Rélùwéè àti Ẹ̀bi Tí Mo Gbé Lé Ọ Lórí

Ilé wa ní Ìkòsí,
Kétu, Èkó.
Ọ̀sán Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bí ìyá rẹ bá gbé ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, má bẹ̀rù. Ẹnikẹ́ni kò kú, ara mi sì le. Mo mọ̀ pé ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn nìyẹn, torí láti ìgbà tí mo ti bí ọ, mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Kì í ṣe pé fóònù mi bàjẹ́. Èmi Bàbá Rédíò, tí mo ń fi àtúnṣe fóònù àwọn ará Ìkòsí jẹun, ṣé èmi ni n óò wá fóònù tì? Ohun tí mo fẹ́ sọ ni kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní Túsìdeè. Mo pè ọ́, o ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ wà, sà?" Mo ní dáadáa ni. O ní, "Ó dáa, sà." Ọ̀rọ̀ bá tán. Sà, sà, sà, bí ẹni ń bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ sí Kàdúná, ní ilé iṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, pé wọ́n tiẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń tún un ṣe. Inú mi dùn débi pé mo dìde jó. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo wá bi í pé, "Ìgbà wo ló sọ fún ọ?" Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Háà! Ọmọ mi ríṣẹ́, àwọn alátòmátì tí ìyá rẹ ń bá ra ọjà ní Máìlì 12 ti gbọ́, wọ́n ti bá a dúpẹ́, èmi bàbá ọmọ ò tíì gbọ́. Ojú tì mí. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu fi bínú, torí mo mọ ohun tó fà á, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí òbí gba ọmọ tó ń rìnnà jìn nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn tèmi kò pọ̀, inú orí ọkọ̀ ojú irin kékeré Bàbá Mágodò ni gbogbo rẹ̀ sì ti jáde. O mọ ìtàn náà tán. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, torí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì kò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa? Iṣẹ́ ẹnjiníà rélùwéè ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì sí Mágodò. Ó gbé páálí bàtà kan dání, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó ṣí i, orí ọkọ̀ ojú irin ló wà níbẹ̀, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi páànù àti ike gé e, tó kùn ún, tó fi fèrèsé bíńtín sí i. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló fi mọ́tọ̀, ẹsẹ̀, àti ṣíìpù kan, ọpọlọ ẹ̀rọ bíńtín tó ń darí iná, ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ kó máa ké fíì bí ohun ìṣeré ọmọdé. Òun fẹ́ kó dún bí ẹ́ńjìnnì gidi tí òun ń tún ṣe nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́: kó máa kùn bó bá dúró, kí ohùn rẹ̀ máa ga bó bá ń sáré, kó fọn fèrè bí a bá tẹ bọ́tìnnì. Inú ṣíìpù yẹn ni gbogbo ohùn náà yóò máa gbé.

Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà." Àbẹ̀kẹ́, èmi tí mi ò rí irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ rí! Ìwọ lo gba ìwé tó bá a wá, tí o jókòó sí kọ̀rọ̀, tí o kà á láti òkè délẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé a lè fi kọ̀ǹpútà ki ohùn tó bá wù wá sínú rẹ̀. Ohun tó gbé wa lọ gba ohùn ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Lafẹ́nwá nìyẹn, nígbà tí a lọ kí ìyá mi ní Abẹ́òkúta.

Mo máa ń rántí ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ ojú irin ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, a jókòó títí, a jẹ ẹ̀pà, a jẹ ọsàn, àwọn ará ibùdókọ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àti ọmọ wá dúró de ohun tí kò ní í wá. Nígbà tó wá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, o gbé rẹ́kọ́dà kékeré dání, o na ọwọ́ rẹ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ náà ń tẹ̀ lé ọwọ́ lọ. Fèrè náà dún. Mo pariwo, "Àbẹ̀kẹ́, ó ń bọ̀ o! Kúrò lójú irin, ọmọ mi!" Nígbà tó kọjá tán, a gbọ́ ọ nínú rẹ́kọ́dà: fèrè, lẹ́yìn náà èmi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní, "Yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀ o, ta ló fẹ́ gbọ́ Ẹ̀gbá nínú ẹ́ńjìnnì?" O ní, "Mo ti gbọ́, sà." O sì gé e kúrò lóòótọ́, ní káfé tí o ti lo kọ̀ǹpútà.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn wá kù.

Èkíní, má ṣe jẹ́ kí ohun tí o ti mọ̀ dí ọ létí. Ọ̀rọ̀ sípíkà ni mò ń bá bọ̀. O yọ sípíkà bíńtín inú fóònù kan, o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ike tí àwọn onífọ́tò ń kó fíìmù sí, o dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde. Mo dé, mo ní, "Kí lèyí? Ta ní ń dí ẹ̀yìn sípíkà pa? O ti rí rédíò tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò nihò rí?" Mo fi irin sọ́dà gbígbóná lu ihò sí i. Nígbà tí a tàn án, ẹ̀fọn ló ń ké. O ò bá mi jiyàn. O wá ike mìíràn, o dí i pa, ohùn ẹ́ńjìnnì bá jáde gbùù, tábìlì ń gbọ̀n. Kàkà kí n ní o ṣeun, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì lódìkejì wọlé, mo ní, "Wá gbọ́ ohun tí mo ṣe!" Mo ṣe kẹ̀! O gbọ́ ọ, o rẹ́rìn-ín, o ń bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ìwà tó padà wá dójú tì mí ti hù níbẹ̀, n kò sì rí i.

Èkejì jọ èkíní, ṣùgbọ́n òun ló burú. Gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ rédíò, ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń kọ́ni ni pé kí á wá ara irin tí gbogbo nǹkan jókòó lé, kí á fi sọ́dà mú wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá iná padà sílẹ̀, mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ́ẹ̀tì, ìfọ́tí ni. Ó ti wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kì í ṣe rédíò. Ojú irin ni iná ń gbà wá, ó ń gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ ara irin rẹ̀. Mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ náà, irú èyí tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ fara kan ara irin yẹn rárá. Ọ̀dọ̀ ṣíìpù nìkan ni kó ti máa gba iná tirẹ̀. Bó bá fara kàn án pẹ́nrẹ́n, ṣíìpù lọ nìyẹn. O ti kà á, o sì ti fi téèpù wé gbogbo ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Mágodò fẹ́ wá gbé e, mo jókòó pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wò ó, mo wò ó, n kò rí wáyà kankan tó lọ sí ara irin. Mo ní, "Ẹ́ẹ̀tì dà?" O sáré wá, o ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ara irin. Ẹ jẹ́ ká fi mítà wo ibi tí iná ń gbà ná." Mo wò ọ́ tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà?" Mo tú téèpù rẹ, mo fi sọ́dà mú wáyà mọ́tọ̀ mọ́ ara irin, mo gbé ọkọ̀ lé ojú irin kúkúrú tí bàbá náà fún wa fi dán an wò, mo tanná. Èéfín yọ. Òórùn náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. O ò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín?" O kàn fọwọ́ lérí.

Torí náà, nígbà tí o bá di ọ̀gá ní Kàdúná, bí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ bá ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná," jọ̀ọ́, dúró. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Gbé mítà, kí o fi wò ó. Mítà ò mọ ẹni tó jẹ́ bàbá.

Ẹ̀kẹta nìyí. Mo ti gbé bíírò sílẹ̀, mo ti tún un gbé.

Èéfín yẹn kò tíì jáde tán tí Bàbá Mágodò fi wọlé. Ó wo tábìlì, ó wò wá. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi ò fẹ́ kú, mi ò sì fẹ́ ẹ̀sín. Mo ní, "Ọmọ yìí ni, sà. Mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan wáyà yẹn, kò gbọ́."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ dúró ronú.

Ọmọ mìíràn ì bá ti pariwo pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi àti ìyá rẹ tọ́ ọ pé ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ni mo fi dè ọ́ lẹ́nu. O wò mí, o tún wò mí. Lẹ́yìn náà o kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, o ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ló ṣe é." Irin sọ́dà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi níbi tí mo dúró sí, tí mò ń wò ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá náà ti ṣèlérí pé òun yóò mú ọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan tó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. O ti ń rán aṣọ tí o máa wọ̀ lọ. Níbẹ̀ ni bàbá náà ti ní, "Ọmọ tí kò gbọ́ ti bàbá rẹ̀, mi ò lè fi orúkọ mi dúró fún un." Mo gbọ́ ọ ketekete, mo panu mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ wọ́. Àwọn ọdún tí o fi wá iṣẹ́ kiri lẹ́yìn ìgbà náà, tí ìyá rẹ ń gbààwẹ̀, tó ń bi Ọlọ́run pé ta ló ń ṣe ọmọ òun, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mò ń ṣe àmín.

Ọmọ mi, iṣẹ́ yóò bàjẹ́ lábẹ́ rẹ níbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Má gbé ẹ̀bi lé ẹni tí kò lè dá ọ lóhùn. Àwọn kan yóò máa kúnlẹ̀ fún ọ, kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ̀bi, torí pé ìwọ ni ọ̀gá ni. Máa wo ojú ẹni tó bá kúnlẹ̀ dáadáa.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé kí o má jẹ́ kí "jọ̀ọ́" pẹ́ lẹ́nu rẹ. Nígbà tí ṣíìpù mìíràn dé láti London, ìwọ lò ń lọ sí Mágodò ní Sátidé-Sátidé láti lọ fi sí i, tí o ń san ẹ̀bi mi. O ò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò béèrè bó ṣe ń lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí o kì í kí mi. Ìkúnlẹ̀ rẹ pé, ẹ kú iṣẹ́ rẹ pé, ṣùgbọ́n o ò sọ ohun kan fún mi mọ́. O kó lọ sí Ògùdù lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, ìgbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lò ń wá sílé. Mo ń sọ fún ara mi pé bàbá kì í bẹ ọmọ. Mo ra bàtà fún ọ, mo ní kí ìyá rẹ máa fi ẹja tó tóbi sínú ọbẹ̀ rẹ. Mò ń yí ọ̀rọ̀ po ni. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi fi méjèèjì nà ọ́, mo wá ki méjèèjì bọ àpò.

Ọ̀rọ̀ Kàdúná tí mo gbọ́ yìí ló gbé mi dìde. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí Mágodò. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní ta ni kí òun sọ pé ó wá. Mo fẹ́ ní Bàbá Rédíò, ẹnu mi yí i padà. Mo ní, "Sọ fún wọn pé bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni."

Bàbá náà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí pálọ̀ rẹ̀, mo ní, "Sà, èmi ni mo jó ṣíìpù yín. Ọmọ mi ní kí n má ṣe é. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Ó ní, "Kí ló dé tó fi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nígbà náà?"

Mo ní, "Sà, ta ni kó pè ní òpùrọ́? Bàbá rẹ̀?"

Ó mirí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ohun tí o ṣe ò dáa."

Mo ní, "Kò dáa, sà."

Ó ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé òun. Yàrá tí ojú irin kékeré yí ká ló mú mi wọ̀. Ọkọ̀ tí o ṣe wà lórí rẹ̀. O mọ̀ pé mi ò fojú kàn án láti ọjọ́ èéfín. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnnì jí, ó ń kùn. Ó gbéra, ohùn rẹ̀ ń ga bó ṣe ń sáré. Etí oníṣẹ́ ni mo fi ń gbọ́ ọ, mò ń wá àbùkù, n kò rí. Àbẹ̀kẹ́, o mọṣẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́: o mọṣẹ́ jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ní, "Gbọ́ èyí," ó tẹ bọ́tìnnì fèrè. Fèrè Lafẹ́nwá dún. Bó ṣe ń rọlẹ̀, ohùn kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, ohùn èmi:

"Àbẹ̀kẹ́, ó ń bọ̀ o! Kúrò lójú irin, ọmọ mi!"

Bàbá ní òun bẹ̀ ọ́ títí kí o gé ohùn yẹn kúrò, pé ó ń ba fèrè jẹ́. Ó ní o sọ fún òun pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Dádì mi ni."

Nínú ṣíìpù àkọ́kọ́, nígbà tí inú wa dùn síra, o gé mi kúrò bí mo ṣe ní kí o ṣe. Èyí tí o ṣe lẹ́yìn tí mo ti purọ́ mọ́ ọ, lẹ́yìn tí orúnkún rẹ ti kan sìmẹ́ńtì torí mi, òun lo fi mí sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá onílé, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀. Ìwọ lo ṣa èyí tó kù, tí o tọ́jú ẹ̀ pa mọ́.

Bàbá ní kí o jọ̀ọ́ wá kí òun kí o tó lọ, pé òun náà ní ẹ̀bẹ̀ tí òun fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó bú mi, ó sì tọ́ kó bú mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tán. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi oníkásẹ́ẹ̀tì náà, mo ní ìwọ lo ṣe sípíkà ọjọ́sí, kì í ṣe èmi. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo ní èmi ò gbàgbé.

Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, foríjì mí. Mo jẹ̀bi ẹ. Mi ò ní àlàyé kankan tí mo fẹ́ fi kún un.

Wá sílé kí o tó lọ. Má wá nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, torí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, n óò sì máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ọjọ́ ìrìn àjò rẹ yóò fi pé. Bí o bá jókòó tì mí tí o ò sọ̀rọ̀, n óò fara mọ́ ọn. Bí o ò bá sì wá, Ọlọ́run tó ń mú ọ lọ yóò ṣọ́ ọ, yóò fi ojú rere àwọn ará ibẹ̀ pàdé rẹ, mi ò sì ní í sọ pé o ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán láti ìyànà ojúlé wa, n óò pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́ pé ó ń bọ̀ o. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni kí n kúrò lójú irin fún ọ.

Èmi ni,
Dádì rẹ.